Ẹrẹ̀ inú adágún Ẹlẹ́yẹlé: ṣé kí wọ́n kàn gbá gbogbo rẹ̀ dànù ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin ará ibí, ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹ̀gbẹ́ adágún Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn ni mò ń gbé. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, omi ni ojú ń rí lọ rẹrẹẹrẹ. Ní báyìí, ibi tí odò ti ń wọlé ti di pápá koríko, ewéko ti bo ojú omi, tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá sì mú, òórùn ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Èrò tèmi ni pé kí ìjọba gbé katapílà wọ ibẹ̀, kí wọ́n gbá gbogbo ẹrẹ̀ náà dànù, kí oníkálukú sinmi. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí mo bá ti sọ ọ́, àwọn kan á máa pariwo "àyíká, àyíká". Ṣé ẹja wá ṣe pàtàkì ju èèyàn lọ ni? Omi tó ti kún fún ẹrẹ̀, kí la tún ń rò sí?

* * *

Ó yẹ kí ẹnì kan ṣe nǹkan sí adágún yẹn lóòótọ́, ẹ ò jayò pa. Ọdún 1942 ni wọ́n dí odò Ọ̀nà níbẹ̀ kí Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ mu. Ìbàdàn ìgbà yẹn kọ́ ni Ìbàdàn ìsinsìnyí. Ilẹ̀ tó ń da omi sí odò náà ti di ilé, títì, ọjà àti ọgbà àwọn mẹkáníìkì. Òjò tó bá rọ̀ á gbá iyẹ̀pẹ̀ àti ìdọ̀tí gbogbo wọn, ibi tí omi bá sì ti dẹ̀ ẹsẹ̀ ló ti máa ń sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Bí pápá koríko tí ẹ rí yẹn ṣe dé ibẹ̀ nìyẹn.

Èyí tí n kò bá yín fara mọ́ ni "kí wọ́n gbá a dànù, kí a sinmi". Mo bá àwọn tó ń wọn ìsàlẹ̀ omi ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gbẹ́ ọ̀sà ní Èkó. Ẹrẹ̀ tí èèyàn bá kó jáde láìjẹ́ pé ó dí ọ̀nà tó ń gbà wọlé, òjò bíi mélòó kan ló máa dá a padà. Ká tiẹ̀ wá sọ pé a dí ọ̀nà náà, ẹrẹ̀ tí ẹ ní kí wọ́n gbá "dànù" yìí, níbo ni "nù" náà wà? Ta ló ń gbé ibẹ̀? Ẹni tí kò bá tíì lè dáhùn ìyẹn, kó má tíì yá ẹ̀rọ rárá.

* * *

Èsì ti pọ̀ láti àná, ẹ jẹ́ kí n kó wọn jọ. Àwọn kan ní kọngilá ló fẹ́ jẹun, kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Àwọn apẹja ní bí ẹ̀rọ bá ti wọ omi, ẹja tán. Ẹnì kan láti Ìkòròdú wá béèrè pé kí la ń bẹ̀rù, ṣebí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbẹ́ ọ̀sà Èkó, ọ̀sà kò sì tíì sá lọ.

Ti ará Ìkòròdú ni n ó kọ́kọ́ mú, torí ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà nìyẹn. Wíwa yanrìn yàtọ̀ pátápátá sí títún adágún ṣe. Ìbáà jẹ́ ọkọ̀ ńlá onípáìpù tó ń fi yanrìn kún ilẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé, ìbáà jẹ́ àwọn ọkùnrin tó ń gbé korobá rì wọ ìsàlẹ̀ omi tí wọ́n sì ń fi ọkọ̀ onígbòkun kó o wá sí èbúté, yanrìn tó dára ni wọ́n ń wá. Ẹrẹ̀ ni wọ́n ń sá fún. Ibi tí yanrìn bá ti pọ̀ ni wọ́n ó máa gbẹ́ wọlẹ̀ títí ibẹ̀ á fi di kòtò. Bí ẹ bá yọ ojú ọ̀nà ọkọ̀ ńlá kúrò, ọ̀pọ̀ ibi lójú ọ̀sà yẹn kò jìn ju mítà kan sí mẹ́ta lọ. A máa ń dé ibi tó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, tí a ó sì máa tú okùn ìwọ̀n sílẹ̀ tí kò ní kanlẹ̀. Omi tó wà nísàlẹ̀ irú kòtò bẹ́ẹ̀ kì í yí, ọ́síjìn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀, ẹrẹ̀ dúdú á wá máa rọ́ sínú rẹ̀. Àwọn tó ń pẹja ládùúgbò náà mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹni tó ń tún adágún ṣe, ẹrẹ̀ rírọ̀ tó wà lókè ni tirẹ̀, ilẹ̀ líle tó wà lábẹ́ kò kàn án. Kò sí ẹni tó máa ra ẹrẹ̀ yẹn lọ fi kọ́lé, nítorí náà owó ló ń ná ni, kì í mú owó wọlé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kọngilá ti wọlé. Ẹni tó bá ní òun máa bá yín gbẹ́ adágún lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ lọ wo ibi tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí. Orí yanrìn ni ẹ ó ti bá a, pápá koríko yín á sì wà níbi tó wà.

* * *

Wọ́n ní kí n dárúkọ ibì kan tí wọ́n ti ṣe é tó yọrí sí rere. Ó dáa.

Adágún Trummen wà ní ìlú Växjö, ní orílẹ̀-èdè Sweden. Omi rẹ̀ kò jìn, kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ ní ìpíndọ́gba. Ọ̀pọ̀ ọdún ni omi ìdọ̀tí ìlú àti ti ilé-iṣẹ́ fi ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọdún 1950 ń parí lọ, wọ́n darí ìdọ̀tí náà gba ibòmíràn, gbogbo èèyàn sì gbà pé ó parí. Kò parí. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìgbà náà, ewédò ṣì ń sọ omi náà di àwọ̀ ewé lọ́dọọdún.

Ìdí rẹ̀ ni pé gbogbo fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èròjà ajílẹ̀ inú ìdọ̀tí, tó ti wọlé látẹ̀yìn wá kò lọ. Ó wà nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó wà lókè ìsàlẹ̀ adágún, tí ooru bá sì ti mú tí ọ́síjìn tán nísàlẹ̀, á tún yọ́ padà sínú omi, ewédò á fi ṣe oúnjẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Sven Björk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Lund wá pinnu pé ìpele ẹrẹ̀ yẹn gan-an ni wọn yóò mú kúrò. Ní 1970 wọ́n fa nǹkan bí ìdajì mítà, ní 1971 wọ́n tún fa ìdajì mítà mìíràn. Ẹ̀rọ tó ń fa ẹrẹ̀ ni wọ́n lò, wọ́n sì ṣe ẹnu rẹ̀ lọ́nà tí kò fi ní máa ru omi sókè. Ẹrẹ̀ náà gba páìpù lọ sínú kòtò ńláńlá ní etí adágún, ó sinmi, ó sì silẹ̀. Omi tó yọ sókè kò ṣàn padà sínú adágún báyẹn, álọ́ọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ fi wẹ̀ ẹ́ mọ́, irú álọ́ọ̀mù tí àwọn ìyá wa ń jù sínú omi kànga. Nígbà tí ẹrẹ̀ náà gbẹ, ó di iyẹ̀pẹ̀ ọlọ́ràá tí wọ́n ń lò fún ọgbà àti koríko láàárín ìlú.

Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú omi náà já wálẹ̀ gan-an, omi sì mọ́. Síbẹ̀, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ wọ́n tún ní láti máa fi àwọ̀n kó àwọn ẹja tó ń tú ìsàlẹ̀ tó sì ń jẹ àwọn kòkòrò wínníwínní tó yẹ kó máa jẹ ewédò. Mo ń sọ ìyẹn fún ẹ̀yin tí ẹ rò pé ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá jáde ni iṣẹ́ parí. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe tò ó: páìpù ìdọ̀tí ni wọ́n kọ́kọ́ dí, ẹ̀rọ ló tẹ̀lé e. Ní Ẹlẹ́yẹlé, a kò tíì dí nǹkan kan.

* * *

Ẹ̀yin apẹja, ẹ̀rù tó ń bà yín tọ́, n kò ní bá yín jiyàn.

Ilé-iṣẹ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ rí gba iṣẹ́ adágún kékeré kan ní àdúgbò kan ní Èkó. Àárín òjò ni. Katapílà ni wọ́n gbé sórí pátákó tó léfòó, ó ń gbá ẹrẹ̀ bó ṣe rí i, omi sì dúdú láti etí dé etí. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́ lọ́jọ́ kejì, epìyà ti yọ ẹnu sókè lójú omi, wọ́n ń mí gúlegúle. Nígbà tí oòrùn fi ràn, funfun ikùn wọn la ń rí. Àwọn ọmọdé kó wọn lápẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá iṣẹ́ ní òjò ló pa wọ́n.

Òjò kọ́. Ẹrẹ̀ dúdú tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ yẹn, ebi ọ́síjìn ló ń pa á. Bí ẹ bá ru ú sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ọ́síjìn tó bá rí ló máa gbà. Ìdájí ló sì máa ń burú jù, torí ewéko inú omi kì í ṣe ọ́síjìn lálẹ́, ńṣe lòun náà ń mí in. Àrọ̀ lè yọ orí gba afẹ́fẹ́ lókè, kó sì yè é. Epìyà kò lè rí i ṣe pẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀tọ̀ wà. Ẹ fa ẹrẹ̀, ẹ má gbá a. Ẹ ta aṣọ ìkélé sínú omi yí ibi iṣẹ́ ká kí èyí tó bá rú má baà tàn kálẹ̀. Ẹ wọn ọ́síjìn ní ìdájí kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, tó bá ti lọ sílẹ̀ jù, iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ náà. Ẹ gbẹ́ apá kan, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀, kí ẹja lè rí ibi sá sí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ ṣe é, láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, torí tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹja ń wá etí omi láti yé ẹyin. Ẹ má sì fọwọ́ kan gbogbo etí omi. Ibi tí òṣíbàtà àti koríko etídò wà, ibẹ̀ ni ọmọ ẹja ń dàgbà sí, gbòǹgbò wọn ló sì ń di ilẹ̀ mú.

Bàbá kan tó ń pẹja ní Asẹ́jírẹ́ kọ ọ́ síbí pé bí wọ́n bá máa ṣe é báyìí, kí wọ́n pe àwọn apẹja sí ìpàdé ṣáájú, kì í ṣe lẹ́yìn. Òótọ́ ni, Bàbá. Àwọn ló mọ ibi tí ẹja ń yé sí, kò sí máàpù kọngilá kankan tó ní i.

* * *

Ẹnì kan láti Àgbádárìgì béèrè nípa ewéko olódòdó àlùkò tó ń léfòó, èyí tí wọ́n ń pè ní water hyacinth. Ọ̀dọ̀ yín náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà, ní 1984, omi ló gbé e wọlé láti ọ̀nà Pọ́tónófò. Rárá, kíkó ẹrẹ̀ kò lè parí rẹ̀ nítorí ó ń léfòó, ọwọ́ àti ẹ̀rọ ni a fi ń kó o. Ṣùgbọ́n ajílẹ̀ tó wà nínú omi ló ń jẹ, torí náà tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bá dínkù, bó ṣe ń sáré bo omi á dínkù. Ẹ má ṣe da oògùn apakoríko sí i. Á kú, á rì, á sì di ẹrẹ̀ tuntun lórí èyí tí à ń sunkún lé.

* * *

Gbogbo yín ń jà lórí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kọ́ ni wàhálà. Ilẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Hẹ́kítà kan, ká kó ẹrẹ̀ mítà kan lórí rẹ̀: 10,000 kúbíìkì mítà nìyẹn. Típà tó bá gba kúbíìkì mítà 10 máa lọ nígbà 1,000. Fún hẹ́kítà kan ṣoṣo! Ẹ wo 1,000 típà tó ń jo ẹrẹ̀ sílẹ̀ láti Ẹlẹ́yẹlé gba Jẹ́ríkò lọ sí Dúgbẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀rọ tó ń fà ni, omi ló pọ̀ jù nínú ohun tó máa gba páìpù jáde, torí náà ohun tí ẹ fẹ́ gbà sílẹ̀ ju 10,000 lọ fíìfíì. Ó gbọ́dọ̀ rí ibi jókòó fún oṣù mélòó kan kó tó gbẹ.

Ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Norfolk, àwọn adágún kan wà tí wọ́n ń pè ní Broads. Ọwọ́ èèyàn ló dá wọn bíi ti Ẹlẹ́yẹlé: àwọn ará àtijọ́ ló wa ilẹ̀ ibẹ̀ fún ohun ìdáná, omi wá kún kòtò wọn. Barton Broad jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó tóbi jù. Láàárín nǹkan bí 1996 sí 2001, wọ́n fa ẹrẹ̀ tó tó nǹkan bí 300,000 kúbíìkì mítà jáde níbẹ̀. Kò sí típà. Páìpù ni ẹrẹ̀ náà gbà lọ sórí ilẹ̀ oko tó wà nítòsí, wọ́n mọ odi iyẹ̀pẹ̀ yí i ká, omi jò kúrò lára rẹ̀, ilẹ̀ náà sì padà di oko. Àwọn náà ti kọ́kọ́ dín fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó ń ti ibi ìwẹ̀dọ̀tí jáde kù. Ní Hickling Broad, wọ́n tún gba ọ̀nà mìíràn: àpò gbọọrọ onífọ́nrán tó ń jẹ́ kí omi jò ni wọ́n fi ṣe odi sínú omi, wọ́n kó ẹrẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, esùsú sì hù padà sí etí adágún tí ọ̀gbàrá ti jẹ lọ.

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀ wò fún Ẹlẹ́yẹlé, torí n kò mọ oko tó ṣófo nítòsí ibẹ̀ tí ẹnì kan máa yọ̀ǹda. Etí omi tí àwọn èèyàn ti gé igi ibẹ̀ tán, ẹ lè fi ẹrẹ̀ tún un ṣe, kí ẹ sì gbin nǹkan sí i. Ìyẹn á tún lé àwọn tó ń kọ́lé wọ inú omi sẹ́yìn.

Ẹni tó ní kí wọ́n pín ẹrẹ̀ náà fún àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Odò tó gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà mẹkáníìkì kọjá máa ń gbé òjé bátìrì àti ọ́ìlì dání. Tẹ̀tẹ̀ máa ń fa òjé láti inú ilẹ̀ sínú ewé rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbé ẹrẹ̀ lọ yẹ̀ wò níbi àyẹ̀wò, kì í ṣe láti ojú kan, láti ojú púpọ̀: ẹnu odò, àárín, ẹ̀gbẹ́ ìdídò. Èyí tó bá mọ́, kó lọ sóko. Èyí tí kò bá mọ́, kó wọ inú àpò, kó má kúrò níbẹ̀.

* * *

"Kí ló dé tí wọn ò kàn ṣí ìdídò, kí omi gbẹ, kí katapílà wọlé lórí ilẹ̀ gbígbẹ?"

Mo mọ̀ pé ìbéèrè yìí ń bọ̀. Fún adágún ẹja tó wà lóko, ọ̀nà tó dára ni, ó sì dínwó. Àmọ́ omi ẹ̀rọ ń ti Ẹlẹ́yẹlé jáde. Bí wọ́n bá sì já omi náà lẹ́ẹ̀kan, ẹrẹ̀ á bá a lọ sórí àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ odò Ọ̀nà. Ìbàdàn kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ ìkún omi ṣeré mọ́. Òmíyalé ti 1980 wà lẹ́nu àwọn àgbà, ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011 pa èèyàn tó lé ní 100. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fi owó tí Báńkì Àgbáyé yá wọn tún ìdídò náà ṣe. Ní tòótọ́, ẹ̀rọ kankan kò gbọdọ̀ gbẹ́ sún mọ́ ẹsẹ̀ ìdídò láìjẹ́ pé ẹnjiníà tó mọ̀ nípa rẹ̀ ti fọwọ́ sí i. Ilẹ̀ tí ẹ bá yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lè jẹ́ ohun tó ń gbé e dúró.

* * *

Ẹni tó béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́ ti padà wá. Ó ní ó yé òun, ṣùgbọ́n gbogbo èyí tí mo sọ, iṣẹ́ ìjọba ni. Kí ni ẹgbẹ́ àdúgbò lè ṣe báyìí?

Ohun méjì wà. Èkíní, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè fún kòtò agbẹrẹ̀ ní ẹnu ibi tí odò ti ń wọ adágún. Kòtò gbígbòòrò ni, omi á dẹ̀ ẹsẹ̀ níbẹ̀ kó tó wọlé, iyẹ̀pẹ̀ á silẹ̀ sínú rẹ̀, katapílà á sì máa dúró sí etí ilẹ̀ kó o jáde lọ́dọọdún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Katapílà tí ẹ ń wá láti òwúrọ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Kò wọ́nwó bíi gbígbẹ́ gbogbo adágún, ṣùgbọ́n láìsí i, gbogbo owó yòókù á ṣòfò. Àwọn yanrìn tó bá silẹ̀ níbẹ̀ tiẹ̀ ṣeé tà.

Èkejì, ẹ wọn adágún yín fúnra yín. Ẹ wá ọparun gígùn tó tọ́, ẹ fi ọ̀dà sàmì sí i ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹ kan ọmọrí garawa mọ́ ìdí ọ̀kan, kí òmíràn wà láìní nǹkan kan. Ẹ wọ ọkọ̀ pẹ̀lú apẹja tó mọ omi, ẹ dè é mọ́ ojú kan kó má sún. Ẹ sọ onímọrí sílẹ̀ jẹ́jẹ́: yóò dúró lórí ẹrẹ̀, ẹ ka iye tó jẹ́. Ẹ wá ti èkejì wọlẹ̀ títí tí ọwọ́ yín á fi mọ̀ pé ó ti kan ilẹ̀ líle. Ẹ ó gbọ́ ọ lára ọparun náà, á gbọ̀n tìì. Ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò lára ti èkejì, bí ẹrẹ̀ ṣe nípọn tó níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi máàpù inú fóònù mú ojú ibi tí ẹ wà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sún síwájú. Ẹ fà á yọ ní pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì wo ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn: dúdú tó ń rùn ni, àbí pupa oníyẹ̀pẹ̀? Ẹ kọ ìyẹn náà. Ẹ wọ ẹ̀wù tí ń léfòó, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé bá yín lọ.

Oṣù kejìlá ni kí ẹ ṣe é, nígbà tí omi bá ti fà sẹ́yìn tí atẹ́gùn kò sì tíì le jù láàárọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu odò wá sí ọ̀nà ìdídò, tí ẹ bá ti rí ojú bí ogójì wọ̀n, ẹ kó o wá síbí. Ẹnì kan láàárín wa ń ya máàpù, ó ti ní òun máa bá yín yà á láìgba kọ́bọ̀.